Bíréèkì Corolla 2005 tí kì í mú lójò

Ọkọ̀ náà: Toyota Corolla 2005, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1.8, jíà ọ̀tòmátíìkì, kò ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Dísìkì (irin roboto pẹlẹbẹ tí páàdì ń fún mọ́ra) ló wà níwájú, dúrọ́ọ̀mù (irin bí agolo tí ṣúù ń tì láti inú) ló wà lẹ́yìn. Ìbàdàn ló ti ń rìn, ó sì máa ń lọ Èkó déédéé.

Ẹ̀sùn rẹ̀ ò lọ́jú pọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bíréèkì ń mú bó ṣe yẹ. Lójò, bí ọkọ̀ bá ti sáré fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìtẹ bíréèkì, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ kì í jẹ́. Pẹ́dàlì á le lábẹ́ ẹsẹ̀, kò ní rì, síbẹ̀ ọkọ̀ á ṣì máa lọ. Tó bá tó bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíréèkì á dédé gbá a mú, ọkọ̀ á sì fà sí ọ̀tún díẹ̀. Bí wọ́n bá tún tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, á mú bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 60 km/h, mítà 16.7 ni ọkọ̀ máa ń rìn láàárín rẹ̀. Ní 80 km/h, ó di mítà 22. Lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, mítà 22 ju gígùn tírélà lọ.

Kó tó dé orí iṣẹ́ yìí, ọwọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti kàn án. Àkọ́kọ́ bílíìdì bíréèkì, ìyẹn ni pé ó lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù rẹ̀, kò yí nǹkan kan padà. Èkejì pààrọ̀ páàdì iwájú sí olówó pọ́ọ́kú, ó sì tún burú sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń sáré sí náà nìyẹn bí wọ́n bá ti gbọ́ pé bíréèkì ò mú. Bẹ́ẹ̀ bíréèkì tó ń mú lẹ́ẹ̀rùn tó ń kọ̀ lójò ti sọ ibi tó ń dùn ún: ibi tí omi lè dé ni kí ẹ wò, ìyẹn ojú páàdì àti ojú dísìkì. Omi òjò ò dé inú páìpù bíréèkì.

1. Ṣé táyà ni, àbí bíréèkì?

Èyí ló yẹ kó ṣáájú kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan. Bí táyà bá dúró tí kò yí mọ́, tí ọkọ̀ wá ń yọ̀ lọ, bíréèkì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Táyà ni kò rí ilẹ̀ dì mú. Nínú ọkọ̀ tó ní ABS, ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa pé pẹ́dàlì á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí táyà bá ṣì ń yí tí eré ò sì dínkù, bíréèkì ni kò mú.

Ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú òjò, ó ń wo táyà iwájú bí ọkọ̀ ṣe ń bọ̀ ní 40 km/h. Táyà ń yí geere ní gbogbo àkókò tí bíréèkì kò fi jẹ́. Eyín táyà jẹ́ 5 mm níwájú, 4 mm lẹ́yìn, èyí sì ṣì dára: 1.6 mm ni òpin, ṣùgbọ́n láti 3 mm wálẹ̀ ni táyà ti ń ṣòro láti lé omi dànù. Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. 2221 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2021. Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín gan-an kó sì ti gbó, kí rọ́bà rẹ̀ ti le. Ti ọkọ̀ yìí ò gbó. A fi táyà sílẹ̀.

2. Ohun tí pẹ́dàlì ń sọ

Pẹ́dàlì tó rọ̀ bí kànrìnkàn ń sọ ti afẹ́fẹ́ nínú páìpù, tàbí ti ọ́ìlì bíréèkì tó ti fa omi tó sì hó nígbà tí bíréèkì gbóná. Èyí tó ń rì díẹ̀díẹ̀ títí dé ilẹ̀ ń sọ ti másítà, èyí tó ń ti ọ́ìlì lọ sí bíréèkì, tàbí ibi tó ń jò. Èyí tó le tí ọkọ̀ ò sì dúró, ọ̀nà méjì ló ní: bóyá búsítà, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ìtẹ̀ ẹsẹ̀, ò ràn án lọ́wọ́, bóyá ojú páàdì àti dísìkì ni kò di ara wọn mú.

Àyẹ̀wò búsítà ò gba irinṣẹ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ pẹ́dàlì léraléra, bí ìgbà márùn-ún, títí á fi le. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e, ẹ wá sitáàtì. Bí pẹ́dàlì bá rì díẹ̀ fúnra rẹ̀, búsítà ń ṣiṣẹ́. Ti Corolla yìí rì. Àìsàn búsítà ì bá sì hàn lẹ́ẹ̀rùn pẹ̀lú. Ojú páàdì àti dísìkì ló kù.

3. Ìwọ̀n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Ojú títì gbọọrọ kan tí ọkọ̀ kì í gbà, àmì ṣọ́ọ̀kì kan nílẹ̀, téèpù onímítà 30. 40 km/h, awakọ̀ kan náà, ìtẹ̀ tó lágbára ṣùgbọ́n tí kò ní mú kí táyà yọ̀.

Ilẹ̀ gbígbẹ: mítà 11.
Nínú òjò, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin láìtẹ bíréèkì, ìtẹ̀ àkọ́kọ́: mítà 21.
Nínú òjò kan náà, ìtẹ̀ kejì lójú ẹsẹ̀: mítà 13.

Ìtẹ̀ kejì yìí ṣe pàtàkì. Láti 11 sí 13, ojú ọ̀nà tútù ló fà á, kò sí mẹkáníìkì tó lè tún ìyẹn ṣe. Láti 13 sí 21, ẹ̀bi bíréèkì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá wọn ti ilẹ̀ gbígbẹ àti ti ìtẹ̀ àkọ́kọ́ lójò nìkan, ẹ̀bi òjò àti ẹ̀bi ọkọ̀ á pòpọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

4. Títú iwájú

Irinṣẹ́: jáàkì, sítáǹdì irin méjì, sípánà táyà 21, ráṣẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú sókẹ́ẹ̀tì 14 àti 17, kílám̀pù, búrọ́ọ̀ṣì onírin, irin ìwọ̀n fáníà, sáńdípépà 80 àti 120, àti wáyà tí a ó fi so kálípà (ẹ̀rọ tó ń fi páàdì fún dísìkì) kọ́. Ẹ má jẹ́ kí kálípà máa rọ̀ dirodiro lára họ́ọ̀sì rẹ̀. Họ́ọ̀sì lè fà ya nínú kí ẹ má rí i lóde. Ẹ má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nìkan.

Níwọ̀n bí ọkọ̀ ti ń fà sí ọ̀tún, apá òsì ló ń pẹ́ mú, torí ẹ̀gbẹ́ tó bá kọ́kọ́ mú ni ọkọ̀ máa ń fà sí. Òsì la kọ́kọ́ tú.

Dísìkì òsì nípọn tó 24.1 mm, ọ̀tún 24.3. Tuntun rẹ̀ jẹ́ 25 mm, 23 mm sì ni òpin. Wọ́n máa ń tẹ òpin yìí sára dísìkì fúnra rẹ̀. Ẹ fọ ìpẹtà kúrò kí ẹ tó wá a. Ní ti bí wọ́n ṣe nípọn tó, àwọn méjèèjì ṣì dára. Ojú wọn ni kò dára. Tí ẹ bá wo dísìkì òsì láti ìta, ó ń dán, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa bá wí. Àfìgbà tí a tú u sílẹ̀ tí a yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú: ìpẹtà dúdú tó fẹ̀ tó 12 mm yí etí òde rẹ̀ ká, òmíràn tó tó 8 mm yí etí inú ká, àárín nìkan ló ń dán, ilà jíjìn sì wà láàárín náà tí èékánná ń kọ́ sí. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ojú ẹ̀yìn yẹn lọ tí páàdì ò kàn rárá. Ẹni tó bá ń gba ihò ríìmù yẹ dísìkì wò kò lè rí èyí láéláé.

Páàdì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ṣì nípọn, 9 mm, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti dì, ó ń dán, èékánná kì í wọ inú rẹ̀. Kò sí lẹ́tà kankan létí rẹ̀, kò sì ní ojú ilà láàárín. Páàdì tuntun lórí dísìkì onílà, orí òkè ilà nìkan ló ń jókòó sí. Àfọwọ́fà yìí ló jẹ́ kó burú sí i lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Píìnì tí kálípà fi ń yọ̀ wá yọ̀ lọ, ti ìsàlẹ̀ lápá òsì ti gan. Gírísì yẹ́lò lásán ni wọ́n fi sí i, ó ti dúdú, rọ́bà rẹ̀ sì ti wú. Bí píìnì bá gan, páàdì inú tí písítìnì ń tì yóò kan dísìkì, ti ìta ò ní fún un mọ́ra bó ṣe yẹ. Ilẹ̀ gbígbẹ lè bo àṣírí ìyẹn. Omi kì í bò ó.

Ohun tó wá já gbogbo rẹ̀ síta ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Awo ẹ̀yìn dísìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní dọ́sítì kọ́fà lọ́jà, ti lọ lápá òsì. Ojú ibi tí wọ́n ti fi ṣísẹ́ẹ̀lì gé e kúrò ṣì wà níbẹ̀, orí bóòtù mẹ́ta tó dì í mú sì ti pẹtà. Ti ọ̀tún wà, àmọ́ ó ti tẹ̀.

5. Ìdí tí wọ́n fi ń gé awo yìí, àti ohun tí gígé rẹ̀ ń fà

Ó pọ̀ gan-an lórí ọkọ̀ tòkunbọ̀. Awo náà fẹ́lẹ́. Òkúta lè tẹ̀ ẹ́, ìpẹtà lè jẹ ẹ́, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fara kan dísìkì pẹ̀lú ariwo tó ń bí awakọ̀ nínú. Títẹ̀ ẹ́ padà ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún, gígé e ò gbà ju méjì. Ọkọ̀ á gbé, ariwo á tán, kò sì ní sí ìyàtọ̀ kankan títí òjò àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin.

Iṣẹ́ awo yìí ni láti dí ojú ẹ̀yìn dísìkì kúrò lọ́wọ́ omi tí táyà ń tú sókè àti èyí tó ń bọ̀ láti abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Láìsí i, omi á máa lu ojú ẹ̀yìn dísìkì ní tààrà ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. A fi họ́ọ̀sì omi dánwò: a fọ́n omi láti ẹ̀yìn táyà iwájú, a sì wo ibi tó ń bà. Lápá ọ̀tún, awo tó tẹ̀ náà ṣì dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà. Lápá òsì, omi pọ́n dísìkì lá látòkè délẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wá tẹ bíréèkì, páàdì ní láti kọ́kọ́ nu omi yẹn kúrò kó tó kan irin. Páàdì tó dára lórí dísìkì tó tẹ́jú máa ń nù ún kíá, awakọ̀ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Páàdì tó ti dì ò lè gé omi náà. Omi á sá sínú ilà dísìkì, á dúró síbẹ̀. Nǹkan kẹta tún wà: àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ti fọ́n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù sábẹ́ ọkọ̀ yìí kó má bàa pẹtà. Àpá rẹ̀ dúdú lára irin tó wà lẹ́yìn dísìkì. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ó kàn ń gba eruku. Lójò, omi ń gbé e wá sójú dísìkì. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo abẹ́ ọkọ̀, kó fi ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ tó máa ń gbẹ kùn ún, kó sì fi ọ̀rá dí bíréèkì kó tó fọ́n ohunkóhun.

6. Dísìkì

Páàdì tuntun nìkan ò lè yanjú èyí, wọ́n ti dán an wò. Dísìkì ní láti tẹ́jú. A gbé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ oníléèdì, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá ojú irin. 0.3 mm ló yọ lójú kọ̀ọ̀kan, òsì di 23.5, ọ̀tún di 23.7. Bí ìwọ̀n yín bá ti wà ní 23.6 kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ ra tuntun, ẹ sì rà á ní méjì. Dísìkì tó fẹ́lẹ́ jù kì í gba ooru, ó sì máa ń wọ́.

Ẹ sọ fún oníléèdì kó fọ ojú tí dísìkì fi ń jókòó sára họ́ọ̀bù (irin tí a ń de táyà mọ́) kó tó dì í mọ́ ẹ̀rọ. Ìpẹtà díẹ̀ níbẹ̀, dísìkì á jáde ní wíwọ́, bíréèkì á máa gbọ̀n. Ẹ̀yin náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú họ́ọ̀bù lára ọkọ̀. Wíwọ́ tí Toyota gbà láàyè jẹ́ 0.05 mm. Ti òsì jẹ́ 0.04. Ti ọ̀tún jẹ́ 0.09, èyí sì pọ̀ jù. Àmọ́ họ́ọ̀bù yìí ní bóòtù márùn-ún, a yọ dísìkì, a yí i sí bóòtù tó tẹ̀ lé e, a tún wọ̀n ọ́n, a ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi bọ́ sí 0.05. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tó bọ́ sí.

Sáńdípépà 120 lórí ojú méjèèjì, kí ilà rẹ̀ máa dábùú ara wọn. Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná àti ọṣẹ, kí ẹ wá fi omi ìfọ-bíréèkì inú agolo parí rẹ̀. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó ń fi ọ̀rá sílẹ̀. Dísìkì tuntun pàápàá máa ń ní ọ́ìlì lójú láti ilé iṣẹ́. Ẹ fọ ìyẹn náà.

7. Páàdì àti píìnì

Létí páàdì tó dára, ẹ ó rí lẹ́tà méjì tẹ̀léra lẹ́yìn nọ́ńbà, bíi FF tàbí GF. Àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń di irin mú nígbà tí kò tíì gbóná púpọ̀, èkejì nígbà tó bá gbóná. E jẹ́ 0.25 sí 0.35, F jẹ́ 0.35 sí 0.45, G jẹ́ 0.45 sí 0.55. Fún ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà márosẹ̀ lójò, ẹ má gba ohun tó kéré sí FF. Èyí tí kò ní lẹ́tà kankan, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. A mú FF tó ní ojú ilà láàárín, torí ibẹ̀ ni omi àti eruku ń gbà jáde, tí etí rẹ̀ méjèèjì sì dà gẹ̀rẹ̀.

Dísìkì tí wọ́n dá ihò sí lára tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn? Kò pọn dandan. Ayédèrú rẹ̀ máa ń sán láti ojú ihò.

Píìnì tó gan jáde pẹ̀lú fáìsì àti sùúrù. Búrọ́ọ̀ṣì onírin, rọ́bà tuntun, gírísì sílíkónì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì. Gírísì béárìn àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń mú rọ́bà wú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti àtijọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn gírísì, píìnì gbọ́dọ̀ wọlé kó sì jáde pẹ̀lú ìka kan. Ẹ fọ irin pẹlẹbẹ tí páàdì ń gùn lé pẹ̀lú. Ìpẹtà abẹ́ rẹ̀ ló máa ń há páàdì mọ́.

Kí ẹ tó fi kílám̀pù ti písítìnì padà, ẹ fa ọ́ìlì díẹ̀ kúrò nínú ike rẹ̀, kó má bàa kún dà sórí ọ̀dà ọkọ̀. Ó ń bó o. Bóòtù píìnì: 34 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù). Bóòtù ńlá méjì tó di férémù kálípà mú: 107 Nm. Nọ́ọ̀tì táyà: 103 Nm, ní àgbélébùú. Páìpù gígùn tí wọ́n ń ki bọ sípánà láti fún nọ́ọ̀tì pa, òun náà ń wọ́ dísìkì.

8. Awo ẹ̀yìn: ìgbìyànjú àkọ́kọ́ àti èyí tó dúró

Ojúlówó awo Corolla yìí jẹ́ odidi kan, ó sì jókòó sẹ́yìn họ́ọ̀bù. Kó tó lè wọlé, ẹ ní láti fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ ti họ́ọ̀bù jáde, béárìn kì í sì í sábà yè é. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ ra irin nọ́kù (èyí tó gbé họ́ọ̀bù dúró) tòkunbọ̀ lódindi, tòun ti awo àti béárìn rẹ̀, ní Àràròmí lágbègbè Gate tàbí ní Ládípọ̀. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n béárìn tẹ́ ẹ rà láìmọ ìtàn rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó láàárín oṣù kan. Béárìn ti ọkọ̀ yìí dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí ìdí láti bà á jẹ́. A yàn láti gé awo tuntun ní ìlàjì méjì, tí yóò wọlé láìtú họ́ọ̀bù.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ lo pánù òrùlé alumíníọ̀mù, nǹkan bí 0.5 mm, torí ó rọrùn láti gé. Kò dúró. Láti 70 km/h sókè, afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n ọ́n, ó ń fi etí kan dísìkì, ariwo tí wọ́n torí rẹ̀ gé ti àkọ́kọ́ sì padà dé.

Èyí tó dúró jẹ́ irin pẹlẹbẹ onísíńkì, 1.2 mm. Bó ṣe lọ nìyí:

a. A gbé awo ọ̀tún lé páálí látẹ̀yìn, a ya á, a sì yí páálí náà lódì kó lè di ti òsì.
b. A gé páálí sí méjì ní ìbú, kí ìlàjì kan gorí èkejì ní 15 mm kí omi òkè má bàa wọ àárín.
d. A tún ihò bóòtù mẹ́ta àtijọ́ lu, a fi táàpù ṣí ojú wọn. Bóòtù tuntun, wáṣà onísípíríǹgì, àti gúlúù bóòtù kó má bàa tú.
e. Àlàfo 6 mm láàárín awo àti dísìkì yí ká. Kò gbọdọ̀ dín ní 5, torí irin máa ń fẹ̀ tó bá gbóná.
ẹ. Etí òde ní ìṣẹ́po 5 mm. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó le, tí kò fi gbọ̀n.
f. Àlàfo 10 mm ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí omi àti òkúta wẹ́wẹ́ lè jáde. Ẹ má ṣe é pa bí ìkòkò. Dísìkì nílò afẹ́fẹ́.
g. Ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà lẹ́ẹ̀mejì, kó tó wọlé.

Lẹ́yìn tó wọlé, ẹ yí sítíárì dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ wò ó bóyá ó kan họ́ọ̀sì bíréèkì. Tiwa fẹ́ kàn án lápá òkè. A gé 4 mm kúrò, a fi fáìlì wẹ ojú rẹ̀. Ti ọ̀tún ò gbà ju púláyà lọ láti tẹ̀ ẹ́ padà.

Ike inú fẹ́ńdà òsì náà ti fò lọ tipẹ́. Tòkunbọ̀ rẹ̀ ò wọ́n. Ó ń dá ìdajì omi dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ awo.

9. Ẹ̀yìn

Fífẹ̀ inú dúrọ́ọ̀mù jẹ́ 200.6 mm, tuntun jẹ́ 200, òpin jẹ́ 201. Ojú ṣúù ṣì jẹ́ 2.5 mm, 1 mm ni òpin. Wọ́n ṣì wúlò, ṣùgbọ́n inú dúrọ́ọ̀mù kún fún ẹrẹ̀ pupa tó ti gbẹ. Ẹ̀yìn irin tó gbé ṣúù dúró ní ihò kan tí a fi ń yí àjọ́sítà, tó yẹ kí rọ́bà kékeré dí. Rọ́bà yẹn ti sọnù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé, kì í sì í tètè jáde: dúrọ́ọ̀mù ń gbà á mọ́ra, nígbà tí dísìkì ń fọ́n tirẹ̀ dànù.

Ẹ fi omi rẹ eruku inú rẹ̀ kí ẹ tó nù ún. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ fọkanáísà fọ́n ọn, torí ṣúù àtijọ́ lè ní asbestos, èyí tó ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Sáńdípépà 80 ká ojú ṣúù. Àjọ́sítà tó gan, a tú u, a fọ̀ ọ́, a fi gírísì sí eyín rẹ̀. Lẹ́yìn tí dúrọ́ọ̀mù wọlé, ẹ yí àjọ́sítà títí dúrọ́ọ̀mù ò fi lè yí mọ́, kí ẹ dá a padà ní eyín 8. Rọ́bà tuntun sí ihò. Ẹ ká etí rọ́bà sílíńdà: bí ọ́ìlì bá ti jò sára ṣúù, ẹ pààrọ̀ ṣúù. Sísun ún níná tàbí fífi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ kì í yọ ọ́ìlì inú rẹ̀ tán.

10. Ọ́ìlì bíréèkì

Òun kọ́ ló fa ẹ̀sùn yìí, àmọ́ ó dúdú, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tuntun ń hó ní 205°C ó kéré tán. Tó bá ti fa omi tó 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn lè wálẹ̀ dé 140°C. DOT 4 jẹ́ 230 àti 155. Lítà kan tó láti fọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀tún ẹ̀yìn, òsì ẹ̀yìn, ọ̀tún iwájú, òsì iwájú, títí èyí tó ń jáde á fi mọ́. Ẹ ra ìgò kékeré tí wọn ò tíì ṣí. Èyí tó ti wà ní ṣíṣí lórí pẹpẹ fún oṣù mélòó kan ti ń mu omi inú afẹ́fẹ́.

11. Jíjẹ́ kí páàdì àti dísìkì mọ ara wọn

Ibi tí wọ́n ń fò jù nìyí. Lójú ọ̀nà tó ṣófo tó sì gbẹ, láti 50 km/h wálẹ̀ dé 15, ìtẹ̀ tó lágbára díẹ̀, bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ fi bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan láti tutù. Ẹ má dúró pátápátá pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí pẹ́dàlì nígbà tó bá gbóná, torí páàdì á tẹ àpá sójú dísìkì. Lẹ́yìn náà, ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Tí ẹ bá gba inú ihò ríìmù wò ó, àwọ̀ eérú kan náà ló yẹ kó wà lójú dísìkì yí ká.

12. Ìwọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́

Ojú títì kan náà, 40 km/h, awakọ̀ kan náà.

Ilẹ̀ gbígbẹ: mítà 10.5.
Nínú òjò, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin láìtẹ bíréèkì, ìtẹ̀ àkọ́kọ́: mítà 14.
Ìtẹ̀ kejì: mítà 13.
Lẹ́yìn tí ọkọ̀ la ọ̀gbàrá tó dé ìdajì ríìmù kọjá, ìtẹ̀ àkọ́kọ́: mítà 16.

Fífà sí ọ̀tún ti lọ. Mítà kan tó kù láàárín ìtẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì, bí bíréèkì ṣe rí nìyẹn. Omi ní láti kúrò lójú irin. Ti ọ̀gbàrá náà, kò sí awo tó lè dí i, pàápàá dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn. Ẹni tó bá jáde nínú ọ̀gbàrá, kó rọra gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, kó sì kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan wà nítòsí. Lójò gígùn lórí ọ̀nà márosẹ̀, kó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkọ̀ Jámánì tuntun kan ń dá èyí ṣe fúnra wọn bí wáípà bá ti ń ṣiṣẹ́. Corolla 2005 ń dúró de ẹsẹ̀ yín.

Ní ti owó, páàdì FF àti ọwọ́ oníléèdì ló gba èyí tó pọ̀ jù. Irin awo, rọ́bà ihò àti gírísì sílíkónì, gbogbo wọn pọ̀ kò tó ìdajì owó páàdì. Gígé awo àti dídán an wò ló sì gba wákàtí jù, ó ju gbogbo iṣẹ́ iwájú yòókù lọ.

Lẹ́yìn 100 km: ẹ tún fún nọ́ọ̀tì táyà ní 103 Nm, ẹ fọwọ́ gbọn awo wò bóyá ó ń mì, kí ẹ sì fi fáníà wọn àlàfo 6 mm yẹn. Tiwa ti di 5.5 lápá ìsàlẹ̀. A fà á padà, a tún bóòtù ìsàlẹ̀ dì.